Ìbàdí ló ń dun bàbá wa. Kí ni mọ́fíìnì ń wá dé ìdí ọpọlọ?

ÌBÉÈRÈ

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Bàbá wa ti pé ẹni ọdún 74. Jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ló ń bá wọn jà, ó sì ti ràn dé eegun ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Parasitamọ́ọ̀lù kò ran ìrora náà mọ́, tramadol náà kò ràn án mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà kọ mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, fún wọn, 5 mg ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n ti lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, ara sì tù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká dá a dúró. Ó ní oògùn ẹni tó fẹ́ kú ni. Ó ní ó máa di bárakú fún wọn bíi ti àwọn ọmọ ìta tó ń lo tramadol. Ó ní ó máa ń dá èémí dúró. Ó wá sọ ọ̀kan tí kò jẹ́ kí n sùn: lọ́jọ́ Sátidé tí ọmọọmọ wọn dé láti Lọ́ńdọ̀nù, bàbá jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tàkúrọ̀sọ fún bíi wákàtí méjì, wọn kò dárúkọ ìrora rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ìrora náà bá jẹ́ òótọ́, ibo ló gbà lọ lọ́jọ́ náà? Èmi náà kò mọ èsì tí màá fọ̀. Ìbàdí ló ń dùn wọ́n, ẹnu la ń da oògùn sí, wọ́n sì ní ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. — Ọmọ bàbá, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN

Ọmọ bàbá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kánjú: ẹ má dá oògùn náà dúró. Ẹ máa fún bàbá ní iye tí dókítà kọ, ní àkókò tó kọ ọ́ sí. Ẹ̀rù tó ń ba ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Mo ti bá a pàdé nínú ilé tó pọ̀, lẹ́nu àwọn ọmọ tó fẹ́ràn òbí wọn dénúdénú, mo sì máa dáhùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó sọ, àti ìbéèrè tiyín lórí ìbàdí àti ọpọlọ, ojú kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ fi ìka kan kòtò ìpàkọ́ yín, níbi tí orí ti jókòó lé ọrùn. Nínú lọ́hùn-ún níbẹ̀ ni ọpọlọ ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ wálẹ̀ títí tó fi di mùdùnmúdùn ẹ̀yìn. Ibi tó ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni mo ń pè ní ìdí ọpọlọ. Kò nípọn púpọ̀ ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Òun ló ń mú wa mí nígbà tí a bá sùn, òun ló ń ṣètò bí ọkàn ṣe ń lù, òun ló ń mú wa bì bí a bá jẹ ohun tó lè pa wá. Òun náà ló ń pinnu bí igbe ìrora ṣe máa rinlẹ̀ tó kó tó dé etí wa.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìrora bàbá láti ìbàdí. Jẹjẹrẹ tó wọ eegun ń jẹ eegun, ó ń mú kó wú, ó sì ń tú àwọn èròjà sílẹ̀ tó ń ta iṣan ìmọ̀lára ibẹ̀. Iṣan náà kò mọ̀ ju kó ké lọ. Igbe rẹ̀ á gba ojú iṣan wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, á kan mùdùnmúdùn, ibẹ̀ ni yóò sì ti bá bodè pàdé.

Àwọn ìlú wa àtijọ́ ní odi, odi ní bodè, bodè sì ní oníbodè. Oníbodè ló ń sọ ẹni tó máa wọlé, ẹni tó máa sanwó kó tó wọlé, àti ẹni tó máa sun ẹ̀yìn odi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìrora rí nínú mùdùnmúdùn. Ronald Melzack àti Patrick Wall ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ bodè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìṣègùn, ní ọdún 1965. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó ṣáájú wọn: bí ọmọ bá fẹsẹ̀ gbún òkúta, ìyá á fọwọ́ ra ibẹ̀, ẹkún á sì rọ̀. Ìfọwọ́rà yẹn gba ojú iṣan mìíràn wọ bodè, ó sì dí ọ̀nà mọ́ díẹ̀ nínú igbe ìrora.

Ṣùgbọ́n oníbodè kì í dá àṣẹ pa. Láti ààfin ni ìlàrí ti ń wá bá a pé kó ṣí i tàbí kó tì í. Ìdí ọpọlọ ni ààfin náà.

Ní apá òkè ìdí ọpọlọ, ihò tóóró kan wà tí omi ọpọlọ ń gbà kọjá. Ẹran ọpọlọ aláwọ̀ eérú ló yí ihò náà ká. PAG ni àwọn dókítà ń pè é. Ní ọdún 1969, David Reynolds ki wáyà tín-ín-rín kan bọ ibẹ̀ lára eku, ó fi iná díẹ̀ kàn án, ó sì la ikùn eku náà láìfún un ní oògùn oorun. Eku náà kò sùn, síbẹ̀ kò jà bí ọ̀bẹ ṣe ń la ikùn rẹ̀. Ẹ rò ó wò: wọn kò fọwọ́ kan ikùn, wọn kò fọwọ́ kan iṣan ikùn, ìdí ọpọlọ nìkan ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, bodè ìrora sì tì. Ní ọdún 1977, Yoshio Hosobuchi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn fi irú iná bẹ́ẹ̀ kan ibi kan náà lára ènìyàn, àwọn tí ìrora wọn ti kọ gbogbo oògùn, ara sì tù wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá fún wọn ní naloxone, ìyẹn oògùn tó máa ń yọ mọ́fíìnì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, ìrora padà. Àmọ́ kì í ṣe mọ́fíìnì ni wọ́n fún wọn tẹ́lẹ̀ o. Iná ni. Kí wá ni naloxone rí yọ?

Mọ́fíìnì ti ara wa ni. Ní ọdún 1973, Candace Pert àti Solomon Snyder ní Baltimore, àti àwọn mìíràn lọ́dún kan náà, fi hàn pé ihò kọ́kọ́rọ́ wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí mọ́fíìnì ń wọ̀ bí ẹni pé fún un ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Omi ara òdòdó poppy ni mọ́fíìnì ti wá, òdòdó tí àwọn baba ńlá wa kò gbìn rí. Ta ló wá gbẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́ sí wa lára dè é? Ní ọdún 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen ní Skọ́tíláńdì rí èsì rẹ̀ nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀: ara fúnra rẹ̀ ń pèsè kọ́kọ́rọ́ náà. Enkephalin ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì tún rí endorphin àti àwọn ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kọ́kọ́rọ́ àyálò ni mọ́fíìnì. Ti ara wa ló kọ́kọ́ wà.

Mo fẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mọ̀. Wọ́n rò pé ńṣe ni mọ́fíìnì ń da aṣọ bo ọpọlọ, tí aláìsàn kò fi mọ ohunkóhun mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ẹran eérú yẹn, àwọn ìlàrí ti wà ní sẹpẹ́ láti sọ̀kalẹ̀ lọ bá oníbodè pé kó tìlẹ̀kùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké mìíràn ló dì wọ́n lọ́wọ́ mú láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó dì wọ́n mú yìí ni mọ́fíìnì ń lọ bá. Ó wọ ihò kọ́kọ́rọ́ ara wọn, ó mú wọn dákẹ́, ọwọ́ wọn tú, ìlàrí sì bọ́ sọ́nà. Mọ́fíìnì kò gbé iṣẹ́ àjèjì wọ inú ara bàbá. Iṣẹ́ tí ara wọn ti mọ̀ ọ́n ṣe ló tú sílẹ̀.

Ìlàrí náà kì í lọ tààrà. Ó máa ń kọ́kọ́ yà sí ibùdó kan nísàlẹ̀ ìdí ọpọlọ, níbi tí oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì wà. Howard Fields àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní San Francisco fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí wọn lára eku. Bí ooru bá kan ìrù eku, kí eku tó já ìrù gbà, ẹgbẹ́ kan á ti ta kìjí. Àwọn wọ̀nyí ló ń ní kí bodè ṣí. Ẹgbẹ́ kejì á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ló ń tì í. Bí eku bá ti gba mọ́fíìnì, àwọn aṣíbodè á panu mọ́, àwọn atìbodè á máa bá iṣẹ́ lọ, ìrù á sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn aṣíbodè yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sórí wọn.

Mọ́fíìnì tún ń lọ bá oníbodè fúnra rẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ wà nínú mùdùnmúdùn náà, níbi tí iṣan ìbàdí ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ jíṣẹ́. Ó ń dá iṣan náà lẹ́kun kó má tú èròjà igbe rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fún àwọn ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gbẹ̀bí ní mọ́fíìnì tín-ínńtín sí inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, bíi 0.1 mg, tí yóò sì tù wọ́n lára fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí oògùn bá kan ààfin àti bodè lẹ́ẹ̀kan náà, ìtura tó ń ti ibẹ̀ wá ju àròpọ̀ méjèèjì lọ. Èyí tí bàbá ń mu láti ẹnu ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ojú méjèèjì. Ó tún ń dé apá òkè ọpọlọ tí ìbànújẹ́ àti ìpayà ìrora ń gbé. Ìyẹn ni àwọn aláìsàn mi fi máa ń sọ gbólóhùn kan tó jọra: «Mo mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dà mí láàmú mọ́.» Ẹ bi bàbá bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lára wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Sátidé yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín sọ yẹn ló dùn mí jù, nítorí mo ti rí àwọn tí wọ́n dínwọ́ oògùn wọn nítorí pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìrora bàbá jẹ́ òótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdùnnú gba òkè ọpọlọ wọlé, ó fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹran eérú yẹn, ẹran eérú rán ìlàrí, ìlàrí sì ti bodè. Ara bàbá lo mọ́fíìnì tirẹ̀ lé èyí tí ẹ fún wọn. Ní ogun àgbáyé kejì, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Henry Beecher, rí i lára àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ńlá ní Ítálì pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò béèrè oògùn ìrora: wọ́n ti bọ́ lójú ogun, ẹ̀mí wọn sì ṣì wà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọgbẹ́ wọn kì í ṣe òótọ́. Ní ọdún 1978, Jon Levine, Newton Gordon àti Howard Fields dán ọ̀ràn náà wò lára àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín wọn. Àwọn kan wà tí ara tù nígbà tí wọ́n gba oògùn tí kò ní nǹkan nínú, nítorí ìgbàgbọ́ pé oògùn gidi ni. Bí wọ́n ṣe fún wọn ní naloxone báyìí, ìrora wọn tún pọ̀ sí i. Ìgbàgbọ́ lásán kọ́ ló tù wọ́n lára. Kọ́kọ́rọ́ tí ara pèsè ni, oògùn gidi sì lè yọ ọ́.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bàbá ń jẹ̀rora, wọ́n sì rí ọmọọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ara kò lè máa pèsè bẹ́ẹ̀ lọ láti àárọ̀ dalẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Wákàtí méjì ló fún wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni ìdààmú ń gbà bọ̀. Ẹ rántí àwọn aṣíbodè. Ìpayà, àìsùn, ìdánìkanwà, ìrora tó ti ń jà láìgba ìtọ́jú fún ìgbà pípẹ́, gbogbo wọn ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣiṣẹ́ àṣejù, títí tí ìrora kékeré á fi máa wọlé bíi ti ńlá. Mo tọ́jú ìyá kan tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti dé eegun ìhà. Ìrora rẹ̀ máa ń ga ní nǹkan bí aago méjì òru, a kò sì rí ohun tó fà á lára eegun. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo jókòó tì í, mo wá rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú èrò rere, máa ń pa iná, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì máa ń fo oògùn aago méjì kí ìyá lè sùn. Ìyá náà á jí sínú òkùnkùn, oògùn á ti tán lára rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa pè. A dá oògùn òru padà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tan iná kékeré sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òru rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a kò sì fi kún oògùn rárá. Nítorí náà, ọmọ bàbá, ẹ má fo oògùn òru láìjẹ́ pé dókítà fún yín ní ètò mìíràn. Mọ́fíìnì olómi máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 30 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń tán ní bíi wákàtí mẹ́rin. Ẹ má dúró kí bàbá ké kí ẹ tó fún wọn. Bodè tó ti ṣí gbayawu ṣòro tì ju èyí tí a ń ṣọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ èémí kàn. Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, n kò ní fi bò. Ìdí ọpọlọ kan náà tó ń ti bodè ìrora ló ń ka èémí fún wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kà á sì ní ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́fíìnì lára. Bí oògùn bá pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà lọ, kíkà náà á fà, á fà, títí tó fi lè dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ń pa àwọn tó ń lò ó láìsí ìrora àti láìsí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí dókítà yín ṣe bẹ̀rẹ̀: 5 mg, ìwọ̀n kékeré, kí ó lè máa fi díẹ̀díẹ̀ gòkè bí ìrora bá béèrè fún un. Èémí kì í ṣàdédé dúró lára ẹni tó wà lórí irú ètò yìí. Oorun àsùnwọra ló máa ń ṣáájú. Ẹni tó ń sùn tó sì dáhùn nígbà tí ẹ pè é kì í sábà wà nínú ewu. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tòògbé ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, àti nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sùn dáadáa. Ẹni tí ẹ pè, tí ẹ mì, tí kò jí ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ fi ọwọ́ lé àyà bàbá fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wo aago títí ọ̀pá tó ń sáré fi yí po lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ka iye ìgbà tí àyà gbéra. Àgbàlagbà máa ń mí bí 12 sí 20. Bó bá ti wálẹ̀ ju 8 lọ, tí wọn kò sì jí, tí ihò dúdú inú ẹyinjú wọn sún kì bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má fún wọn ní ẹ̀kán kan mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Naloxone wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ju ìyẹn lọ, nítorí irú jẹjẹrẹ tó ń bá bàbá jà. Kíndìnrín ló ń kó ohun tí ara fi mọ́fíìnì dà jáde. Prostate tó wú lè dí ọ̀nà ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bàbá bá dínkù, tàbí tó dúró, oògùn kan náà tó ti bá wọn lára mu tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sínú ara láìsí ẹni tó fi kún un. Wọ́n á máa sùn jù, iṣan wọn á máa fò pẹ́pẹ́, wọ́n lè máa rí ohun tí kò sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ìtọ̀ ti dínkù, ọjọ́ náà ni kí ẹ pe dókítà. Bákan náà, bí ẹsẹ̀ wọn bá ṣàdédé rọ, tàbí tí wọn kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára wọn, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì: jẹjẹrẹ lè ti máa tẹ mùdùnmúdùn mọ́ eegun, wákàtí díẹ̀ ló sì wà láàárín ìrìn àti àìlèrìn.

Ṣé ó máa di bárakú? Mo mọ ohun tó ń ba ẹ̀gbọ́n yín lẹ́rù. Gbogbo wa la rí tramadol 225 mg kiri ìgboro, bẹ́ẹ̀ NAFDAC kò forúkọ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa la rántí pé ìjọba àpapọ̀ dá omi ìkọ́ olókódéìnì dúró ní ọdún 2018. Èmi fúnra mi ti tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) tí abẹ́rẹ́ ìrora tó ń jẹ́ pentazocine ti di bárakú fún, ó sì dùn mí títí di òní. Ẹni tí nǹkan di bárakú fún ń lépa ohun tí oògùn ń ṣe sí i lórí. Á máa lò ó bó tilẹ̀ ń ba ilé àti iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bàbá ń lépa kí àwọn lè jókòó lórí àga. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹni tó ti ń mutí yó tẹ́lẹ̀, nítorí náà bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ orí bàbá, pẹ̀lú jẹjẹrẹ nínú eegun, kì í ṣe òun ni mo máa kọ́kọ́ bẹ̀rù. Èyí tí ó dájú ni pé ara á mọ oògùn náà lára. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara wọn á máa gbọ̀n, inú á máa ṣu wọ́n, ìrora á sì ya wọlé padà. Bárakú kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè rí irú rẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ bó bá tó àkókò. Ẹ tún bi dókítà nípa tramadol tó ṣẹ́kù nílé, kí ẹ má fún wọn pọ̀ mọ́ mọ́fíìnì fúnra yín. Iṣẹ́ mọ́fíìnì kékeré ni tramadol ń ṣe, ó sì tún ń mú kí serotonin àti noradrenaline, èròjà ara tí àwọn ìlàrí ń gbé sọ̀kalẹ̀, pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì.

Ti oògùn ikú ńkọ́? Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Lọ́dọ̀ wa, ó máa ń pẹ́ jù kí mọ́fíìnì tó dé ọwọ́ aláìsàn. Ẹni tí wọ́n fún ní ọjọ́ márùn-ún kó tó kú, ẹbí rẹ̀ á ní oògùn ló pa á. Wọn kò rántí oṣù mẹ́jọ tó fi ké. Àwọn kan wà tí mo mọ̀ tí wọ́n lò ó fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ohun tí mọ́fíìnì máa ṣe sí bàbá láìṣẹ̀tàn, inú ni. Ìfun náà ní ihò kọ́kọ́rọ́ yìí, oògùn sì ń mú un dẹwọ́ iṣẹ́. Ara máa ń mọ́ èébì lára láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó máa ń mọ́ òòyì lára, ṣùgbọ́n kì í mọ́ ìgbẹ́ líle lára. Bí dókítà kò bá kọ oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ mọ́ mọ́fíìnì, ẹ padà lọ béèrè rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó ní òun kò fẹ́ mọ́fíìnì mọ́, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò yàgbẹ́ ló sú u.

Ẹ fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ wọn oògùn, ẹ má fi ṣíbí ọbẹ̀ wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ẹ bá gba ìgò tuntun, ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa, nítorí 5 mL ìgò kan lè ní 5 mg nínú kí 5 mL òmíràn ní 10 mg. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Bàbá kò gbọdọ̀ mu paraga, ọtí tàbí oògùn oorun lé e, àfi èyí tí dókítà bá mọ̀ sí, nítorí ìdí ọpọlọ kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ilé máa kọ aago, iye oògùn àti ìwọ̀n ìrora sínú ìwé, láti 0 dé 10, kó sì jẹ́ bàbá ló máa dárúkọ nọ́ńbà náà. Ohun tó ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní sùúrù tó ń pa wọ́n lára. Bí ẹ kò bá bi wọ́n, wọn kò ní sọ. Ẹ fi ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n yín kó máa kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kó wà.

Ọmọọmọ wọn yẹn, ọjọ́ wo ló ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé pẹ̀lú. Ìrora lè ga lálẹ́ ọjọ́ náà bí ilé bá ti dákẹ́, láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ ṣísẹ̀ kankan. Ẹ bi dókítà nísinsìnyí iye àfikún oògùn tí ẹ lè fún wọn bó bá rí bẹ́ẹ̀ kó tó di wákàtí kẹrin, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà pe bàbá lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú.